Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ògiri Pẹpẹ àti Ìwé Tí Kò Sí Lẹ́yìn Rẹ̀

Yàrá Òkè, Ilé Alátẹ̀gùn Irin,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àbójútó Àwọn Ilé Àtijọ́,
Àjà Kejì, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

ÌDÍ TÍ KÒ FI YẸ KÍ Ẹ WÓ ÒGIRI PẸPẸ NÍTORÍ IRỌ́ TÍ MO FI ỌWỌ́ ARA MI KỌ

1. Èmi ni mo kọ ìwé ìtàn àròsọ tí gbogbo ìlú ń kà, èyí tí mo pè ní Obìnrin Tó Po Ìyẹ̀fun. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n orí mi ṣì pé. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí pé nígbà tí mo wá sí ọ́fíìsì yín lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ṣàlàyé ara mi, akọ̀wé yín kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá, ìyàwó mi ló kọjú sí, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Bàbá lọ sinmi." Mo ti sinmi. Mo ti padà dé.

2. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Olùwádìí Òtítọ́ Tó Farasin ti gba àṣẹ lọ́wọ́ yín láti wó ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ìwé mi ló kó wọn jọ, ìwé mi náà ni wọ́n fi gba àṣẹ. Ẹnjiníà yín fúnra rẹ̀ sì ti kọ ọ́ pé ògiri yẹn ló gbé igi òrùlé. Bí ògiri bá lọ, òrùlé á tẹ̀lé e. Arúgbó ni gbogbo àwa tó kù nínú ìjọ náà. A kò ní agbára tí a ó fi kọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní ibòmíràn tí a ó ti máa tòògbé nígbà ìwàásù.

3. Fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò tíì ka ìwé náà (ẹ ṣeun púpọ̀), ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí. Mo ní obìnrin tó ṣe búrẹ́dì tí Jésù bù fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní alẹ́ ìkẹyìn jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn kẹtàlá. Mo ní ó kọ ìwé ìhìnrere tirẹ̀, àwọn àgbààgbà ìjọ ìgbàanì sì fi pamọ́ nítorí pé ó sọ ohun tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ṣe nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní míṣọ́nnárì kan gbé e wá sí ìlú wa nínú àpótí aṣọ, ó sì mọ ògiri bò ó lẹ́yìn pẹpẹ. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé: "Èmi òǹkọ̀wé ti fi ojú ara mi rí ìwé náà." Ojú yìí kan náà ni mo fi ń ṣìnà dé ilé ìwẹ̀ ara mi.

4. Ṣé òótọ́ ni? Rárá, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó dájú pé ẹnì kan po ìyẹ̀fun náà, nítorí búrẹ́dì kì í po ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin, ó sì ṣeé ṣe kó gbọ́n ju àwọn tó jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan, mi ò rí ìhìnrere rẹ̀ níbì kankan, mi ò sì gbọ́ nípa míṣọ́nnárì bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo dá gbogbo wọn, nínú yàrá yìí, pẹ̀lú ife tíì kan. Ojú ewé tó kẹ́yìn yẹn, atẹ̀wé mi ló ní kí n fi sí i. Ó ní, "Tíṣà, ta ló fẹ́ ra àròsọ? Òótọ́ tí wọ́n fi pamọ́ fún aráyé ni kí ẹ fún wọn." Mo mọ̀ pé kò dára. Mo kọ ọ́, mo sì fi lẹ́tà tó dúdú tẹ̀ ẹ́.

5. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn àmì àràmàǹdà tó wà láàárín ìwé náà pẹ̀lú, èyí tí mo pè ní ìkọ̀wé ìgbàanì tí obìnrin náà lò. Ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ Olùwádìí ti túmọ̀ wọn nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi ṣọwọ́ sí yín. Ó ní abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀ dúró fún ìrìbọmi, onígun mẹ́ta dúró fún Mẹ́talọ́kan, òbírí tó wà nínú àpótí sì dúró fún ayérayé. Inú rírò tirẹ̀ wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi ni mo ti wò wọ́n kọ. Àwọn àmì tí àwọn aránṣọ ilé iṣẹ́ máa ń rán mọ́ aṣọ ni, kí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ lè mọ bí yóò ṣe fọ̀ ọ́. Ohun tí ìhìnrere náà sọ ni pé kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí a má sì fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù kàn án. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú àpò lẹ́tà yìí kí ẹ lè wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ẹ padà.

6. Ẹ lè béèrè ìdí tí n kò fi sọ òtítọ́ yìí látọjọ́ yìí. Mo ti sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn òǹkàwé mi sọ pé ìjọ ló fún mi lówó kí n lè sẹ́ ẹ. Mo lọ sí ìpàdé àwọn Olùwádìí, mo dìde, mo ní irọ́ ni mo pa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi fún ìgboyà mi. Lẹ́yìn ìpàdé, onígbàjámọ̀ àdúgbò wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ó yé wa. Bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má sọ nǹkan kan o. Ẹ ṣáà ṣẹ́jú sí mi." Ojú ló ń dùn mí. Mo ń ṣẹ́jú láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dì mọ́ mi, ó sì sunkún.

7. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́ nínú ìwé náà, òun ló sì kó gbogbo wa sí wàhálà. Mo kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá kan ògiri náà, yóò dún bí ohun tó ṣófo. Wọ́n lọ kàn án, ó sì dún bẹ́ẹ̀. Ó ṣófo lóòótọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kí ìjọ tó ra dùùrù oníná, dùùrù ńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ kọrin ni a ní, inú ihò yẹn ni ẹwìrì rẹ̀ wà. Ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀ kó máa fín in nígbà gbogbo tí orin bá ń lọ. Èmi ni ẹni náà fún ìgbà kan. Nígbà tí dùùrù oníná dé, bíríkìlà fi bíríkì dí ẹnu ihò náà, ó sì rẹ́ ẹ.

8. Ó wá ku ohun tó wà nínú ihò náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ọ̀mọ̀wé yẹn tó túmọ̀ rẹ̀.

Mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì ń kọrin àdákọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀gá akọrin wa rí mi níbi tí mo ti ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bá mi wí. Ó kàn gba orin àdákọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ máa fín ẹwìrì, nítorí pé ó hàn gbangba pé mo ní èémí tó pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin rẹ́rìn-ín. Bàbá yìí ní eyín àtọwọ́dá lókè, ó sì máa ń yọ ọ́ sínú agolo kékeré kan bó bá fẹ́ tẹ dùùrù, nítorí pé eyín náà máa ń bá orin lu ara wọn. Ẹnu ihò ẹwìrì ló máa ń gbé agolo náà sí. Ní ọjọ́ tí bíríkìlà ń dí ihò náà, ọ̀gá akọrin ń dán dùùrù tuntun wò, agolo rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó kù bíi bíríkì kan, bíríkìlà lọ bu omi. Mo ju agolo náà sínú ihò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bíṣọ́ọ̀bù wá. Ọ̀gá akọrin dìde láti kéde orin, súfèé nìkan ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá fi ìwé orin bo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò darí akọrin mọ́ láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ra eyín mìíràn. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó fún mi ní ọmọ rẹ̀, ó sì ṣe mí bí ọmọ títí ó fi kú. Ó gbà pé eku ló gbé eyín òun. Ìyàwó mi ṣì máa ń sọ ìtàn eku náà fún àwọn ọmọ-ọmọ wa, èmi ni mo sì máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Ìyàwó mi yìí ló máa ń bá mi fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo lẹ́tà mi. Ìdí nìyí tí mo fi fi ọwọ́ kọ èyí.

9. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ gba àṣẹ náà padà kí ọjọ́ Ajé tó dé. Bí ẹ kò bá sì gbà á, tí ẹ wó ògiri náà, tí ẹ rí eyín nínú agolo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú gíláàsì pé ti ọmọ-ẹ̀yìn kẹtàlá ni. Ti bàbá ìyàwó mi ni.

Mo dúpẹ́ fún sùúrù yín.

Èmi ni tiyín, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí,

Bàbá Tíṣà,
Òǹkọ̀wé Obìnrin Tó Po Ìyẹ̀fun, àti ọmọ ìjọ.

Àfikún: Ìyàwó mi ti rí lẹ́tà yìí, nítorí pé ó wá ṣẹ́ẹ̀tì mi tì nínú àwọn aṣọ tó fẹ́ fọ̀, ó sì bá a nínú àpò lẹ́tà. Ó fọ àwọn aṣọ yòókù títí oòrùn fi wọ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ẹ̀bẹ̀ mi tán. Ó ní kí ẹ má wó ògiri, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ bíríkì kan ṣoṣo ní ẹnu ihò àtijọ́ náà, níwájú gbogbo ìjọ àti gbogbo Olùwádìí, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó wọlé lọ mú agolo náà. Mo béèrè ọwọ́ ta ni. Ó ní ọwọ́ tó jù ú síbẹ̀ ni.