Ògiri Tí Èmi àti Bàbá Rẹ Mọ Láì Bára Wa Sọ̀rọ̀

Tíṣà tó ń gbé ilé tó kángun sí tiwa, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí kò sì rí ọmọ ilé-ìwé nà mọ́, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má fi ìmọ̀ tirẹ̀ lé e, nítorí èyí tó bá mi kọ lọ́dún tó kọjá, nígbà tó kà á sí mi létí, mo rò pé ìyàwó adájọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀.

Àkọ́bí mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ohun tí ẹ bá mọ kò ní wó lójú yín. Fi àdúrà ìkẹyìn yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ pe Tíṣà. Ara tèmi le. Eyín mi kan tún ti lọ, mi ò wá a. Orúnkún máa ń ro mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀, mo sì máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n ká aṣọ wọn, wọn kì í gbọ́, aṣọ wọn ló ń tutù.

Ọ̀rọ̀ ògiri ọgbà ni. Mo gbọ́ ohun tí o sọ sínú fóònù, Tíṣà ló fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí. O ní ògiri náà ti gbó, ó ti wọ́ láàárín, o ò fẹ́ kó wó lù mí, o ti rí àwọn tó máa wó o, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn. Mo dá ọ lóhùn. Mo ní mi ò fẹ́. O ò dúró gbọ́, o kàn dákẹ́ lójijì. Mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, ikọ́ kan náà láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀meje lo tún un sọ bí ẹni pé mi ò sọ nǹkankan. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu, bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Tíṣà wá ń ṣàlàyé pé ohùn tí o fi sílẹ̀ ni, kì í ṣe ìwọ gan-an. Mo ní bó o bá lè fi ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó yẹ kó o fi etí náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Ògiri funfun, irin ṣóńṣó lórí rẹ̀, òdòdó méjì nísàlẹ̀. Mo béèrè pé ilé ta ni. Tíṣà ní kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, pé ẹ̀rọ ló yà á, ògiri náà ò tíì sí níbì kankan. Mo jókòó, mo rò ó. Ògiri tí kò sí lo fẹ́ tìtorí ẹ̀ wó èyí tó wà.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Tíṣà ní ó ku ọ̀rọ̀ ìwé tí mo tẹ̀ka sí. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó dé akoto bí ẹni tó ń lọ sógun, ó ní ìwọ lo rán òun. Ó wọn ògiri, ó ki ọwọ́ bọ ibi tó ti wọ́, ó mi orí. Ó béèrè bóyá èmi ni mo ni ín, mo ní ta ló tún ni ín. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n tẹ ìka síbí. Tíṣà ti lọ kí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa bá mi kà á. Èmi rò pé ẹni tó bá tẹ̀ka sí nǹkan ló ni nǹkan, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ nìyẹn, ni mo bá tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo tún béèrè bóyá kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìwé kó lè dájú. Ó ní ó ti tó. Ó fún mi ní ẹ̀dà, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sùn bí onílé. Nígbà tí Tíṣà dé, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní mo ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó o. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ nìyẹn. Tíṣà ní òun lè pè ọ́ kíá. Mo ní rárá, ìwé ló gbà á lọ́wọ́ mi, ìwé ni màá fi gbà á padà, fóònù ò ní ojú tí èèyàn ń tẹ̀ka sí. Tíṣà ní fóònù náà ń gba ìka, mo ní kó má pa mí lẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀ ìwé yìí wàá rí àtàǹpàkò mi, ti ọwọ́ òsì ni. Ti ọ̀tún ni mo fi fún wọn, ti òsì ni mo fi gbà á. Tíṣà ní òfin ò mọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí òfin wá bá mi nílé. Ìwọ ṣá gbé e lọ fún wọn, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á rí i pé ọ̀kan ti pa èkejì rẹ́.

Ohun tí o ò mọ̀ ni pé ògiri náà ò rí bó o ṣe rí i kẹ́yìn mọ́. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni èmi àti Jẹ́jẹ́ ti ń tún un ṣe. Jẹ́jẹ́ ni bíríkìlà tó ń gbé lẹ́yìn ibùdókọ̀, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé, ìyàwó rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ló fi ń rìn bọ̀ wá fẹ́ òun. Ìtàkùn ti bo ògiri látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ fà á ya, Jẹ́jẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀, pé tí a bá fà á ní tútù, á bá bíríkì wá. Ìdí rẹ̀ la gé, a jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá ń já bọ́ fúnra rẹ̀ bí aṣọ àtijọ́. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ohun tútù tó máa ń hù síbi tí oòrùn kì í dé ti bò ó, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò ní ìkóríta gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun máa fi parí ẹ̀. Ẹ̀rọ náà tutọ́ omi lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́ ihò tí òròmọdìyẹ lè wọ̀. Mo ní kó máa gbé e padà lọ bá àwọn mọ́tò, pé ògiri yìí ò ṣẹ̀ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírun la fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi lásán, èmi lórí àpótí ń fọ ìsàlẹ̀, Jẹ́jẹ́ ń fọ òkè, bíríkì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti mọ́, á pọ́n padà bí ẹ̀yinná. Mi ò rí àwọ̀ yẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Ibi tí ohun tó so bíríkì pọ̀ ti jẹrà, igi ṣóńṣó la fi họ ọ́ jáde, a po ẹfun àti yanrìn, a fi dí i. Jẹ́jẹ́ ní òun ò lè fi sìmẹ́ǹtì sí i, pé sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ògiri àtijọ́ mí, bíríkì á mu omi sínú, á máa ṣí bí èèpo. Mo ní ẹnìkan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Nígbà tí a fọ̀ ọ́ dé àárín, Jẹ́jẹ́ dúró. Ó wò ó títí. Ó ní apá òsì gún bí ìlà inú ìwé, apá ọ̀tún rí wúruwùru, wọ́n sì dé àárín wọn ò pàdé. Ó ní ẹni méjì ló mọ ògiri yìí, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀. Mo bu omi fún un, mo ní kó jókòó. Nínú gbogbo ẹni tó ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá, òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa mọ̀.

Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà náà, mi ò mọ̀ bóyá o rántí. Bàbá rẹ ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ ọ́ pé kó wá mú ọ lọ sí ìlú ńlá, kó o lọ kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò bi mí. Lẹ́nu obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ni mo ti gbọ́. A ti ra bíríkì sílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ò jẹ́ kí nǹkan hù nínú ọgbà, a ò sì lágbára bíríkìlà. Mo ta okùn mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ilé ìdáná, òun bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà. Àbúrò rẹ obìnrin wà lẹ́yìn mi. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi mọ ọ́. Ìwọ lò ń ru bíríkì fún wa, ìwọ náà lò ń jíṣẹ́. Bàbá rẹ po ẹfun àti yanrìn tó máa tó ẹni méjì, ó ní kó o sọ fún mi pé tèmi wà nílẹ̀, kí n má fi sìmẹ́ǹtì sí i. Mo ní kó o sọ fún un pé mo ti ra sìmẹ́ǹtì tèmi. Màá ní lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ wà lórí òkúta. Á ní lọ sọ fún ìyá rẹ pé òun ti rí i. Ìṣísẹ̀ ogún ló wà láàárín wa, ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́ta, a ṣì ń rán ọ. O rò pé eré ni, ò ń sáré, ò ń rẹ́rìn-ín. Àwo tó bá fi jẹun, á fọ̀ ọ́, á dojú rẹ̀ dé sórí òkúta yẹn. Kò fọ àwo rí kó tó di ìgbà náà. Mo rí i. Tó bá gbé bíríkì kalẹ̀, á fi irin ọwọ́ rẹ̀ kàn án, kọ́ kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré, kó tó gbé òmíràn. Mo ṣì mọ ìró yẹn. Obìnrin tí inú ń bí sí ọkọ rẹ̀ máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọkọ náà bá ń ṣe.

Lọ́jọ́ kọkànlá, a pàdé. Tèmi fi ìka mẹ́rin ga ju tirẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó wá sọ pé tèmi ga ju tòun lọ. O ti lọ pọnmi, kò sí ẹni tí màá rán sí i, ni mo bá dá a lóhùn fúnra mi. Mo ní kó má wó tèmi, èmi náà ò ní wó tirẹ̀, ká wá nǹkan dí i. A fọ́ bíríkì sí wẹ́wẹ́, a tò ó gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ títí ó fi gun tèmi. Nígbà tí o gbé omi dé, a ti ń sọ̀rọ̀. O dúró, o wò mí, o wo òun, o béèrè pé ta lo máa wá jíṣẹ́ fún báyìí. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú yanrìn.

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ mí nìyẹn títí ó fi kú, pé tèmi ga ju tòun lọ. Ó tó mi. O sì lọ ní oṣù tó tẹ̀lé e, torí òun ló jàre lórí ilé-ìwé, èmi ni mo jàre lórí pé kò bi mí. Mi ò sunkún lọ́jọ́ tí o lọ. Ewúrẹ́ ni mò ń lé nínú ọgbà títí di ìrọ̀lẹ́. Ògiri ti parí, ewúrẹ́ kankan ò lè wọlé mọ́, mo ṣáà ń lé wọn.

Ibi tí alákoto ń mi orí sí, tí ìwọ náà ń pè ní àbùkù, ibẹ̀ nìyẹn. Ìtàkùn ti gba inú rẹ̀ hù, àwọn wẹ́wẹ́ náà ti yẹ̀. Jẹ́jẹ́ kó wọn jáde, ó fọ̀ wọ́n, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, ó tò wọ́n sórí òkúta. Ó ní tí mo bá fẹ́, òun lè mú gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Mo ní ohun tí mi ò fẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìyókù ti parí, apá tèmi, tí mo fi sìmẹ́ǹtì mọ, ló gba iṣẹ́ jù, àlàfo yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, mo fi tapólì bò ó. Ìwọ lo máa dí i. Torí rẹ la ṣe ní in, nínú àwọn tó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ nìkan lẹ̀yìn rẹ ṣì ń tẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni. Tí Jẹ́jẹ́ bá ràn ọ́ lọ́wọ́, á di ọjọ́ méjì.

Tí o bá ń bọ̀, bá mi ra àpò ẹfun méjì, búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, àti bàtà tí kì í yọ̀, ọ̀kan tó bá ẹsẹ̀ àgbàlagbà mu, kì í ṣe aláwọ̀ pupa. Mú owó Jẹ́jẹ́ dání, ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ojú kan wò mí. Tíṣà ní kí n sọ pé báírò òun ti ń gbẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Má fi owó kankan sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì ni mo bá.

Ohun tí o bá tò kò ní tú. Ọ̀nà á gbé ọ wá, á gbé ọ padà. Nínú ilé tìrẹ, tọkọtaya ò ní máa rán ọmọ síra wọn, bẹ́ẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, kó má ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ.

Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá máa dúró gba èsì, fún un ní omi. Alákoto ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, kí ọjọ́ Ajé tó pé, kó o sì fi ìka òsì hàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ fún ìyàwó rẹ pé màá gbin òdòdó méjèèjì inú àwòrán yẹn síbẹ̀, èyí tó ń hù. Sọ fún àbúrò rẹ pé ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn mi ló ti sun gbogbo ìjà náà já. Bàbá rẹ, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màá sọ fún un pé tirẹ̀ le ju tèmi lọ.