Ó Ku Ẹnì Kan ní Èbúté

                                                            Ojúlé 14, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                                            Àmùkòkò, Ajégúnlẹ̀,
                                                            Èkó.
                                                            26 Oṣù Kẹrin, 1992.

Dinah mi, ẹni tí a jọ ń fi ìbora kan bo orí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara màmá àgbà le? Ẹsẹ̀ tí o ní ó ń dùn wọ́n nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn o, kí o kúnlẹ̀ kí wọn fún mi, má kàn dúró gbọnrangandan bí òpó iná. Ṣé òtútù Iléṣà kò tíì sọ ọ́ di ẹlòmíì? Àwa náà wà níbí. Dádì wà, wọ́n ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Liverpool Road. Mọ́mì wà. Tiwalọlá náà wà. Ara Tiwalọlá le dáadáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan inú mi sí, mo tún fà á ya, torí àbúrò mi yẹn fẹ́ràn kó máa tú ẹrù mi. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Jọ̀ọ́, má kà á sókè.

Ìwọ ti lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà kí onígbáméjì tó gbóná ládùúgbò wa, nítorí náà o ò rí bó ṣe dé, o ò sì rí bó ṣe ń lọ báyìí. Ó ń lọ o. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé ẹnikẹ́ni jáde ní òpópónà wa. Àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n má din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́ ti gbé agbada wọn padà. Ìyá Ebinimi, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ti ń ta omi tútù fún àwọn awakọ̀ tírélà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti ń bọ ara wa lọ́wọ́, wọ́n sì ti gbé ife kan ṣoṣo tí gbogbo ìjọ fi ń mu wáìnì Oúnjẹ Olúwa padà. Kò sẹ́ni tó ń se omi mọ́ nínú ilé wa kó tó mu ún, àfi èmi. Mọ́mì ní mo gbọdọ̀ máa sè é fún Tiwalọlá.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ńṣe ni gbogbo èèyàn ń sá. Friday, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, sá lọ sábẹ́ tírélà. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ọkùnrin bímọ. Nígbà tó yá tí wọ́n gbé òkú jáde nílé tó tẹ̀ lé tiwọn, òun ló kọ́kọ́ tò sórí ìlà, ó tún ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó gún òun lápá méjèèjì. Gbogbo wa gbà á lọ́jọ́ yẹn, Dádì, Mọ́mì, èmi. Tiwalọlá nìkan ni kò gbà á, torí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń fa omi sí i lára.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, àwọn wọlé-wọlé tún padà wá pé kí ẹni tó bá ṣẹ́ kù wá gbà á. Àdúgbò tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n bá. Friday ní, "Ọ̀gá wọlé-wọlé, e don finish. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mi, kí n fi rán ṣòkòtò." Bàbá Onoriode tó nilé ní òjò ló gbé àrùn náà wá, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì gbé e lọ, pé kí ìjọba má wá gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Mọ́mì ti ilẹ̀kùn mọ́ Tiwalọlá nínú yàrá. Wọ́n ní ẹni tí Ọlọ́run ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún lábẹ́rẹ́, kí ni wọlé-wọlé tún fẹ́ wá gún lára ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Kò sẹ́ni tó tún rántí ẹ̀ mọ́. Èmi rántí.

Dinah, n kò sọ pé kí àbúrò mi kú o. Nígbà tó ń ṣàìsàn, èmi ni mo ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un, tí mo ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Èmi ni mo ń gbé póò dà nù. Èmi ni mo ń fọ gbogbo aṣọ tó bà jẹ́. Òórùn Ísáàlì apakòkòrò tí mo fi ń fọ̀ wọ́n wọ̀ mí lọ́wọ́ débi pé ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn kọ́sítọ́mà ń sá fún ṣọ́ọ̀bù. N kò bínú nígbà yẹn. Mo rò pé tí ó bá ti yá, gbogbo wa la máa yọ̀.

Ó yá, ó sì di ẹyin. Òun ló ń bá Mọ́mì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi wà lórí ẹní. Wọ́n á bó ọsàn fún un, wọ́n á tún yọ kóró ẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé e fún un, ọmọ ọdún méjìlá. Dádì ra bàtà funfun tó ní ìdè fún un. Èmi tí mo ti ń wọ sálúbàtà tí mo fi okùn so, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Mọ́mì kò tiẹ̀ pè é lórúkọ mọ́, "Àjíǹde mi" ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá pe èmi, á jẹ́ pé omi ti ń hó lórí sítóòfù.

Lọ́jọ́ tí Mọ́mì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbààwẹ̀. Wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Ebinimi tó yá wa ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì o, Dinah. Mo wà láàárín kúáyà, mo ti tún kọ́là aṣọ mi ṣe, mo ń dúró kí wọ́n dárúkọ mi kí n lè dìde. Wọ́n jókòó.

Mo gbé ìyẹn mì. Ọ̀rọ̀ Gálílì ni n kò lè gbé mì.

Ṣé o rántí bí Mọ́ńdè Àjíǹde ṣe máa ń rí? Bí Jésù ṣe sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ń lọ síwájú wọn sí Gálílì, ìjọ wa náà á wọkọ̀ lọ sí Gálílì tiwa ní Snake Island. Ẹnì kan á máa dá orin láti èbúté, gbogbo ọkọ̀ á máa gbè é títí ọkọ̀ á fi kan iyanrìn. Lọ́dún tó kọjá, a ò lọ nítorí àrùn. Ọdún méjì ṣáájú ẹ̀, ta ló dá orin? Èmi ni. Ọ̀rọ̀ orin yẹn ni mo fi ń sùn. Kò sí ohun tó jẹ́ tèmi nínú ìdílé wa ju orin yẹn lọ. Bùrọ́dà Ephraim tó ń darí kúáyà wá sọ fún mi pé Tiwalọlá ni yóò dá a lọ́dún yìí, kí ìjọ lè máa wo ẹni tí Olúwa yọ nínú ikú. Tiwalọlá tí ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹ̀fọn tó há sínú nẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ó dáa, sà." Mọ́mì gbọ́, wọ́n ní mo ṣeun, pé àgbà ni mí.

Ohun kan tún wà. Àwọn apẹja tó wà lẹ́bàá ibi tí a máa ń sọ̀ sí ní Snake Island sọ pé kànga kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ń mu, pé àwọn ò fẹ́ kí ará Ajégúnlẹ̀ gbé ohun tó ti ń tán padà wá bá àwọn. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wọkọ̀. Bàbá arúgbó kan nínú wọn ló máa ń fi ọkọ̀ gbé wa, òun náà ló dúró ní èbúté. Kò ní òun máa wo káàdì abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ àṣà ìjọ wa pé àkọ́bí ló ń dáhùn fún ilé, bí a ṣe máa ń ṣe ọjọ́ ìkórè. Ó ní kí àkọ́bí ilé kọ̀ọ̀kan bọ́ síwájú àgbélébùú tí ìjọ gbé wá sí èbúté, kó sọ pé gbogbo ilé àwọn ti gbà á, ó tó òun.

Àwọn èèyàn purọ́, Dinah. Chibuike, tí gbogbo wa mọ̀ pé bàbá ẹ̀ gba ojú fèrèsé sá fún wọlé-wọlé, dúró níwájú àgbélébùú, ó ní gbogbo ilé àwọn ti gbà á, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú áńkáṣífù. Wọ́n ní kí ló tún kù nínú àrùn tó ti ń kó ẹrù.

Ó wá kàn mí. Dádì kò sí níbẹ̀, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ìsinmi Àjíǹde kò kan ọ́fíìsì wọn. Mọ́mì ń de bàtà funfun yẹn fún Tiwalọlá, wọn kò tiẹ̀ gbójú sókè, torí kò sí ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. Tiwalọlá ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dá a lójú pé màá gbà á sílẹ̀. Èmi náà kúkú ni mo máa ń gbà á sílẹ̀.

Mo ní, "Ilé wa ti gbà á, bàbá. Ó ku ẹnì kan."

Bàbá béèrè ẹni náà. Mo ń wo bàtà funfun yẹn. Tiwalọlá fúnra ẹ̀ ló nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì, ó ní, "Èmi ni, sà."

Bùrọ́dà Ephraim bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀. Ó ní ọmọ yìí ti ṣe àìsàn náà rí, ó ti tán lára ẹ̀. Bàbá ṣí fìlà ẹ̀, ó ní kí ọmọ náà má bínú, pé ẹni tó ti ṣe é rí gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù jù lọ. Mọ́mì wò mí. Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbájú, mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi. Wọ́n kàn gbé kúlà oúnjẹ lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Máa bá wọn lọ. Ìwọ lo mọ orin."

Mo dá a. N kò ní purọ́ fún ọ, mo dá a dáadáa, Bùrọ́dà Ephraim ń mi orí, omi sì ń gbé ohùn mi lọ sọ́nà jíjìn. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, mo rí wọn. Mọ́mì ti bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Tiwalọlá gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń tún irun ẹ̀ dì. Èmi ni mo ni orin, òun ló ni Mọ́mì. N kò rántí ìgbà tí Mọ́mì di irun fún mi kẹ́yìn.

Nígbà tí a padà dé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mọ́mì ti sọ ìtàn bí wọ́n ṣe já bọ́ lórí igi gúáfà ní kékeré fún un, àti bí wọ́n ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan parọ́ pé apá àwọn kò ṣeé gbé. Ìtàn yẹn, n kò gbọ́ ọ rí. Tiwalọlá gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó bi mí bóyá òkè ni mo ti mú orin tàbí ìsàlẹ̀. Mo ní ìsàlẹ̀. Ó ní ìyẹn ló dáa, pé ẹ̀rù ti ń ba òun tẹ́lẹ̀ pé ohùn òun kò ní gbé e. Ìbá bú mi, ara ìbá tù mí.

Ní Tọ́sìdeè, Mọ́mì ní kí n mú un lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kò sẹ́ni kankan lórí ìlà. Nọ́ọ̀sì ti gbé orí lé tábìlì, inú ẹ̀ dùn láti rí wa bí ẹni rí àlejò láti òkè òkun, ó ní òun rò pé gbogbo Ajégúnlẹ̀ ti gbàgbé òun. Nígbà tó mú abẹ́rẹ́ jáde, ọwọ́ mi ni Tiwalọlá dì mú, ó fi èékánná há mi lára. N kò já ọwọ́ mi gbà. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mí mú báyẹn.

A délé. Mọ́mì ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀. Wọ́n ń ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n ń fi lé apá Tiwalọlá, wọ́n ń bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ṣé ó ṣì ń dùn ún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n gún èmi, apá yẹn náà ni mo fi gbé omi wálé, tí mo fi gbé e ka iná.

Bá mi kí Kọ̀yà àbúrò rẹ, sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ẹ̀ ṣì wà lókè páànù. Ìyá Ebinimi ní kí n kí ọ. Friday náà ní kí n kí ọ, àmọ́ má dáhùn ẹ̀. Tí o bá fẹ́ fèsì, má béèrè Tiwalọlá, mo ti sọ fún ọ pé ara ẹ̀ le. Béèrè apá mi. Ó dùn mí nígbà yẹn, Dinah, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

                                                            Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bínú,
                                                            Níyìọlá.