Itọ́ Àbúdù, Orúkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Òjò láti àárọ̀. Àbúdù ò jáde wá sórí bẹ́ńṣì wa níwájú ilé. Mo lọ wò ó nílé — ògiri kan ṣoṣo ló la àárín wa ní Aké yìí láti ogójì ọdún. Ó ká jọ sórí ẹní bí ológbò tí òjò pa. Ibà ti mú un láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ̀yìn ojú ń ro ó, gbogbo oríkèé ń ro ó. Mo ní ikú ló ń wọn aṣọ fún un. Ó ní kí n máa lọ ṣáájú, kí n bá òun gba àyè sílẹ̀. Ó ṣì lè bú mi. Kò tíì burú.

Azeezat ọmọ rẹ̀ ti ra oògùn ara ríro lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì. Funfun méjì, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan, nínú ọ̀rá kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Táyà ni mò ń pè é, torí iṣẹ́ fọkanáísà tó fi tọ́ ọmọ. Rélúwéè ló ń pe èmi, torí ẹrù tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbé ní Láfẹ́nwá.

Ìṣẹ́gun, 2

Àwọn aláṣọ funfun wọ àdúgbò. Mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan ni olórí wọn, Lydia, ọmọ kékeré, ojú bí ojú ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ibà kan wà tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá tí kì í ṣe málaríà. Dẹ́ńgì lorúkọ rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Kéèyàn ṣáà tutọ́ sínú ìgò, kí wọ́n ki bébà bọ̀ ọ́, ogún ìṣẹ́jú. Ìlà kan, kò sí. Ìlà méjì, ó wà. Nǹkan tuntun ni, wọ́n ṣì ń dán an wò.

Ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan gbé ọ̀fẹ́ wá, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo máa ń wò.

Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé Àbúdù. Òkìtì ògbólógbòó táyà, omi òjò nínú gbogbo wọn, tanwíjí ń jó nínú omi. Lydia bẹ̀ ẹ́ pé kó dà á nù. Àbúdù ní àwọn oníbàárà ló ni táyà. Ọdún kọkànlá rèé tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 3

Harriet ìyàwó mi ti lọ tutọ́ tiẹ̀ láìbéèrè. Ìlà kan. Ó ń yan kiri bí ẹni tó yege ìdánwò. Ó ní ó ku èmi.

Mo jókòó, mo rò ó. Ẹ̀jẹ̀, kò burú, ilé ìwòsàn ti ń gba ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Itọ́ ńkọ́? Bàbá mi kì í tutọ́ síbi tí kò ní fẹsẹ̀ bò. Itọ́ la fi ń súre, òun náà la fi ń ṣépè. Wọ́n tún ní ká kọ orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, àti orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Orúkọ èèyàn àti itọ́ rẹ̀ nínú ìgò kan náà — odindi èèyàn lẹ ti dè mọ́lẹ̀ yẹn.

Mo sọ fún Àbúdù. Ẹ̀rù bà á ju èmi lọ. Ó ní òun ò lọ. Mo ní a máa lọ, torí Harriet àti Azeezat ò ní jẹ́ ká sinmi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kó tutọ́ sínú ìgò tèmi, kí n tutọ́ sínú ìgò tiẹ̀. Ẹni tó bá pe orúkọ mi, Dìran, lórí ìgò yẹn, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Àbúdù rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n fún wa ní ìgò, orúkọ ti wà lára rẹ̀. Mo ní, Nọ́ọ̀sì, ewúrẹ́ fẹ́ jẹ ìwé yín. Ó yíjú. Kò sí ewúrẹ́ kankan. A ti pààrọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ìwà ọmọ iléèwé.

Ogún ìṣẹ́jú. Ìgò tí wọ́n kọ Àbúdù sí: ìlà kan. Ìgò tí wọ́n kọ Dìran sí: ìlà méjì.

Lydia di ọwọ́ mi mú bíi pé mo ti ń lọ. Kí n sinmi, kí n mu omi dáadáa, kí n wọ inú nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án, kí ẹ̀fọn má baà gbé e lára mi fún ẹlòmíràn. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan. Asipirín rárá, oògùn ara ríro àdàlù rárá. Tí ibà bá lọ, kí n má tíì yọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ká ṣọ́ra. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ ní imú tàbí ní èrìgì, kí n pè é kíá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ àti àwọn àmì ibà náà sórí káàdì aláwọ̀ ọsàn, orúkọ mi lókè gàdàgbà. Ó ní kí Àbúdù lọ yẹ málaríà wò, torí dẹ́ńgì ò sí lára tiẹ̀. Táyà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́.

Èmi tí mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin láàárọ̀! Irọ́ ni ẹ̀rọ wọn ń pa. Tàbí kẹ̀, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ọkàn mi fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo ní kó dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án gangan. Omi àgbọn, ògì, ẹja tútù. Mò ń jayé. Harriet ń sunkún ní ilé ìdáná, ó rò pé mi ò gbọ́.

Ẹtì, 5

Ibà Àbúdù ti lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń gba ojú fèrèsé bú mi, ó ní òun ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ nítorí mi. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ní àmì pupa wínníwínní. Ó ní ooru ni. Kò tíì dẹ́kun oògùn oníkẹ́mísì, ó ní ó bá òun lára mu.

Mo ń fura. Sí ta ni? Mi ò mọ̀.

Àbámẹ́ta, 6

Àbúdù ń run pákò. Ó tutọ́, ó fẹsẹ̀ bò ó. Mo ti rí i kó tó bò ó. Pupa.

Ó ní pákò ló gún òun. Mo ní kó ya ẹnu. Gbogbo èrìgì.

Mo yọ káàdì mi, mo kà á. Ẹ̀yìn ojú, oríkèé, àmì lára, ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọ̀kan lára mi. Gbogbo rẹ̀ wà lára Àbúdù, orúkọ mi ló kàn wà lókè. Ẹ̀rọ ò purọ́. Ọjọ́rú ni mo ti mọ̀, tí mo bá fẹ́ sòótọ́ fún ìwé yìí.

Ó bẹ̀ mí. Ó ní, "Dìran, má sọ. Gbogbo Aké ni yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ta ni mi ò tíì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní Aké? Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì.

Mo ní, "Ọmọ mi, itọ́ tó wà nínú ìgò mi kì í ṣe tèmi."

Lydia ní, "Ta ló ni ín, Baba?"

Mo sọ ọ́. Ó bi mí oògùn tó ń lò. Mo ka àwọ̀ wọn fún un. Ó ní ká má dúró de òun. Azeezat dá kẹ̀kẹ́ dúró, a gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Azeezat ò wo ojú mi títí a fi dé.

Àìkú, 7

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ní ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ lára Àbúdù, oògùn oníkẹ́mísì sì tún dá kún un. Ó ní ká ní ó di ọ̀la. Kò parí rẹ̀.

Gbólóhùn kan ni Harriet sọ sí mi láti àná: "Bàbá Máyọ̀wá, omijé tí mo sun lórí yín, ẹ dá a padà."

Mo lọ da omi táyà nù lọ́sàn-án. Mẹ́tàlélógójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ abilà bò mí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ojúmọmọ bí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ọjọ́rú, 10

Àbúdù ti mu ọbẹ̀. Ó bú mi. Mo dúpẹ́.

Ẹtì, 12

Wọ́n dá a sílẹ̀. Ó rù bí igi pákò. Àwọn táyà rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè.

Àbámẹ́ta, 13

Ẹ̀yìn ojú mi ń ro mí. Oríkèé pẹ̀lú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Harriet rí i pé mo fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó pe Lydia.

Ìgò kan ṣoṣo ló mú wá. Ó kọ orúkọ mi níṣojú mi. Mo ní ewúrẹ́ ń bọ̀. Kò yíjú. Ó tan iná fóònù sí mi lẹ́nu, ó wò mí títí itọ́ fi kán sínú ìgò. Àbúdù wà lórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó dáadáa o, ó lè ti yá tẹlòmíràn pamọ́ sẹ́nu."

Ogún ìṣẹ́jú. Mo ń wá ẹni tí mo máa fura sí. Mi ò rí.

Ìlà méjì.

Lydia yọ káàdì tuntun, ó mú bírò. Ó ní, "Baba, itọ́ ta ni?"

Mo ní tèmi ni.

Ó kọ́kọ́ wo ojú Harriet kó tó kọ ọ́.