Ìlú Méjì Tí Ẹ Ní Kí N Mú Ọ̀kan

Àbíkẹ́yìn mi,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń sùn? Ẹsẹ̀ tí o fi ń jáde láàárọ̀ lo ó máa fi wọlé lálẹ́, ibi tí o bá yà sí, wàá rójú rere níbẹ̀, orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè. Àmín. Èmi náà wà, orúnkún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ara mi. Òrùlé kò jò mọ́. Àwọn ewúrẹ́ wà ní àlàáfíà, àfi òbúkọ tó jẹ ìdajì aṣọ tí télọ̀ sá sórí okùn, tí télọ̀ sì ń bínú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Télọ̀ yìí náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà tí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ti gùn jù, òun ló fi tiẹ̀ kún un.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin bá mi sọ. Ẹ ní láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ sinmi, kò yẹ kí n máa dá gbé mọ́, kí n wá wo ìlú tí kálukú yín ń gbé, kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, ẹnu tí mo là sílẹ̀ kò tíì padé.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo kọ́kọ́ dé. Mo ti rò pé èmi ni mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ jù láyé, àṣé mi ò tíì ríkan. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan tí mi ò rí rí jókòó tì mí, kí ọkọ̀ tó ṣí ó ti bi mí bí eyín mi ṣe dín kan, ó ti sọ fún mi pé ọkọ òun kì í fún òun lówó oúnjẹ, ó sì ti gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ kó máa sùn. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé wọn kì í kan ilẹ̀kùn níbẹ̀. Aládùúgbò kàn wọlé, ó ṣí ìkòkò, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní iyọ̀ kò tó, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Mo wo ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ó máa bá a jà, òun ń rẹ́rìn-ín. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ àdúrà ara mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo sín nínú yàrá, ẹni mẹ́ta láti ilé mẹ́ta ló kí mi pẹ̀lẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìlú yẹn bá mi lára mu.

Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo rò pé èèyàn ńlá kan ló kú ní ìlú yín. Títì ń dán, ilé ga débi pé mo ní láti fọwọ́ di gèlè mú kí n tó rí òkè rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìtajà ń ṣí fúnra rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí o fi fà mí lápá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú yàrá kékeré onírin tó ń gbé èèyàn gòkè yẹn, gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n dákẹ́. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà, ni mo bá bá wọn ṣe àmín. Wọ́n wò mí bí ẹni tó wá yáwó. Mo kí ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, mo kí i lọ́sàn-án, mo kí i nírọ̀lẹ́, ó kàn mi orí bí aláǹgbá, ó kọjá lọ.

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Nílé níbí, tí odindi ilé bá yan ọmọ èèyàn lódì báyẹn, ọmọ náà ti ṣe ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Mo rò ó títí. Ṣé o jalè ni, àbí o bú ìyá ẹnì kan? Mi ò fẹ́ bi ọ́ kí o má baà purọ́ fún mi. Nígbà tí o ti lọ síbi iṣẹ́, mo gbé ọsàn tí mo kó wá láti ilé, mo ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, mo ń bá ọ bẹ̀bẹ̀. Má bínú, bàbá rẹ náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó kọjú sí tìrẹ ni mo kọ́kọ́ kàn. Nọ́ọ̀sì ló ń gbé ibẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní kó foríjì ọ́, ohun yòówù kí o ṣe, ọmọdé ló ń ṣe ọ́. Ó ní ọmọ wo. Mo nàka sí ilẹ̀kùn rẹ. Ó ní òun rò pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ ni. Ọdún kejì rèé tí o ti wà níbẹ̀, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń wo tìrẹ kò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ẹ̀. Mo fún un ní ọsàn méjì.

Mo gòkè. Ihò kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn tí mo kàn níbẹ̀, mo rí ojú kan tó yọ níbẹ̀, èmi náà gbé ojú tèmi sí i, kí wọ́n má baà sọ pé mo gbéra ga. A wo ara wa báyẹn fúngbà díẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti darúgbó. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó ní ẹni tó kan ilẹ̀kùn òun gbẹ̀yìn ni ẹni tó wá ka mítà iná. A jẹ ọsàn, mo dìde, ó ní kí n jókòó, a tún jẹ òmíràn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ni mo parí ẹ̀ sí. Òun rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sẹ́ni tó bínú sí ọ, bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ nìyẹn, kálukú ń ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní inú òun dùn pé ara ọmọ mi ti yá. Mo bi í pé ara ta ni. Ó ní nígbà òjò, o sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ò ń fọwọ́ ti ògiri rìn, o lọ ra oògùn, o padà gòkè, òun kò sì rí ọ mọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní òun rò pé o rìnrìn-àjò ni.

Ọmọ mi, mo rántí ìgbà òjò yẹn. O yọjú sí mi nínú fóònù télọ̀. Mo ní ojú rẹ ṣú, ohùn rẹ ń já, o ní kò sí nǹkan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ìyá rẹ ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì sàn. Àṣé ìwọ lo wà nílẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe ọ́ nínú yàrá yẹn, ká má rí i, ta ni ì bá mọ̀? Télọ̀ ní kí a má fi ìyẹn sí i, mo ní kó kọ ọ́. Nígbà tí o dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bu oúnjẹ fún ọ, mò ń wò ọ́ bí o ṣe ń jẹ ẹ́. O ní ṣé ó rẹ̀ mí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti mú ìlú tèmi. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kò sì gbé fóònù mi láti ìjẹta. Ìlú tiẹ̀ ló wù mí gbé, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n tí òun bá wúkọ́, àdúgbò á kún ilé rẹ̀. Èèyàn laṣọ, ìwọ sì wà níhòòhò láàárín ìlú tó ń dán. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti owó pákó. Káfíńtà máa kan àga gbọọrọ kan fún mi, kí n gbé e sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yín, kí ẹni tí kò fẹ́ kí mi rí ibi jókòó sí títí tó fi máa fẹ́. Awakọ̀ ni kí o fi rán. Má fi sí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báǹkì, ó bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo èèyàn, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹni tí mi ò mọ ilé rẹ̀. Kí o sì fi owó aṣọ tí òbúkọ jẹ kún un. Èyí kò ti ẹnu mi jáde, télọ̀ ló kọ ọ́ kí n tó dá a dúró.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Ọjọ́ tó yẹ kí o rẹ́ni, o ò ní dá wà. Àìsàn kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ mọ́.

Kí n tó dé, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kọ́kọ́rọ́ kejì tí o fún mi wà, mo fún un lọ́jọ́ tí mò ń padà bọ̀ wálé. Mo ní tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, kó máa kan ilẹ̀kùn rẹ lálaalẹ́. Tó bá kàn án, kí o dá a lóhùn. Mo sì ti sọ fún un pé tí o bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kó má gbà, kó fọwọ́ kan ọrùn rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.