Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Wáyà

Ilé Akíndúró,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ, 1959.

Gbádérọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò rẹ ní Jọ́ọ̀sì. Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ẹní. Ní tèmi, ara le koko. Eyín mi ṣì ń fọ́ eegun, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi tajà ní Dùgbẹ̀ kò sì lè bá mi rìn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o. Kíláàsì méjì péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lọ sóko, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí sí lọ́wọ́.

O béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi nínú ìwé tí o kọ kẹ́yìn. O ní Olúrótìmí ọmọ rẹ ń dà ọ́ láàmú pé kí o fa tẹlifóònù wọlé, pé láràárọ̀ ni òun yóò máa kí ọ láti ibi iṣẹ́, kò ní í sí pé òun ń wọkọ̀ wá mọ́. O ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ti ní tèmi, kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Má fà á. Ìdáhùn mi nìyẹn. Bí o bá ń kánjú, pa ìwé dé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o kì í gba ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ìdí rẹ̀. Ó yá, jókòó.

O mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ pẹ̀lú mi la jọ fẹsẹ̀ rìn láti Ìjerò, la jọ ṣe aláàárù ní ibùdókọ̀ rélùwéè, tí irun àárín orí wa fi kọ̀ láti hù. Lónìí, kò sí ilé tí wọ́n fi páànù bò láti Mọ́kọ́lá títí dé Ṣáńgò tí kì í ṣe ọwọ́ mi ni wọ́n ti rà á, àfi èyí tí wọ́n bá jí. Mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo fi orí tó ru ẹrù yìí rán Olúṣẹ̀yẹ ọmọ mi lọ sí ìlú òyìnbó. Ó ti dé, ó ti di ọ̀gá ní Sẹkitéríàtì, ó sì ń gbé nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Bódìjà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ di ènìyàn, kó wá gbẹ́rù yẹn wò.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ló ń wá kí mi. Á dúró sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú kóòtù funfun ọrùn rẹ̀, á sì na gbalaja sílẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó ní kó dìde, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i dáadáa. Bó bá dìde, eruku pupa á wà láyà kóòtù náà, ojú mi á sì máa bá a lọ títí tó fi wọ mọ́tò rẹ̀. Kò sí àmì-ẹ̀yẹ tí ọba òyìnbó lè fi kọ́ mi lọ́rùn tó tó eruku yẹn.

Bó ṣe di pé ìpàdé ń dí i lọ́wọ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan, mọ́tò ló bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ọmọ kò sùn. Mo bínú sí i. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, “Bàbá, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹ fa tẹlifóònù. Ojoojúmọ́ ni n ó máa kí yín, kì í tún ṣe ọjọ́ ìsinmi nìkan.” Gbádérọ̀, oníṣòwò ni mí. Mo wo ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo wo ojoojúmọ́, mo sì rò pé mo jèrè.

Wọ́n wá fa wáyà náà. Ohun dúdú kan báyìí ni, ó ká jọ bí ológbò tó ń sùn, mo sì gbé e sórí tábìlì lábẹ́ àwòrán mi ní pálọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní i ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dún, mo ní kó máa dún lọ ná, mo wọ agbádá, mo dé fìlà, kí n tó lọ gbé e. Àbẹ̀ḿbí ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, “Bàbá Ṣẹ̀yẹ, ta ló ń rí yín?” Mo ní kó yéé dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Mo gbé e sétí. Ohùn ọmọ mi dé kedere: “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ o.” Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè orí ohun dúdú yẹn, mo ní, “Dìde, ọmọ mi, dìde.” Mo sì dákẹ́ díẹ̀, kó lè ráyè gbọn eruku ara rẹ̀ nù, kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Má fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ló máa mú mi rò pé irọ́ ni? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo wá sọ ọ́ di nǹkan àfihàn. Láràárọ̀, mo ń pe àwọn ará àdúgbò wọlé, mo ń gbé e sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ gbọ́ ọ, odindi ọ̀gá ní Sẹkitéríàtì ló wà nílẹ̀ gbalaja ní Bódìjà báyìí.” Wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe irú ẹ̀ fún àwọn náà.

Àfi Mùstàfá. Òun ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀ọ́kán ilé mi, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju àdá tuntun lọ. Ó gbọ́ tirẹ̀, ó gbé nǹkan náà kalẹ̀, ó ní, “Bàbá Ṣẹ̀yẹ, ta ló rí i?” Mo ní ṣé kò gbọ́ ni? Ó ní, “Mo gbọ́. Mo gbọ́ bíbú kìnnìún nínú rédíò náà, kò bù mí jẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní ìjọba ń gbé àpótí kan bọ̀ kí ọdún yìí tó parí, tí a ó máa rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró de ìyẹn, ká tó mọ ẹni tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó wà lórí àga.” Gbogbo àwọn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní, “Èmi kò ní láti dúró de àpótí kankan. Mo ní ẹsẹ̀. Lọ́la, ìwọ náà yóò bá mi lọ, o ó sì fi ẹnu tí o fi sọ ọ́ yẹn tọrọ àforíjì.”

Mo sọ fún Àbẹ̀ḿbí pé bí tẹlifóònù bá dún, kó gbé e, kó ní mo wà ní balùwẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, “Bàbá Ṣẹ̀yẹ, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ohun tí kò ní í dùn ún wò, kí lẹ ń yọjú sí?” Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹsẹ̀ la fi rìn. Mùstàfá fẹ́ ká wọ mọ́tò, mo kọ̀ fún un. Gbádérọ̀, oòrùn kò tíì mú tí a fi débẹ̀! Nǹkan àkọ́kọ́ tó dùn mí nìyẹn, kí n tó rí ìkejì. Ọ̀nà tí èmi àti ìwọ lè ru àpò sìmẹ́ńtì kọjá láìsọ̀ ni ọmọ mi ní kí n fa wáyà sí. Ilé funfun, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, mọ́tò lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. A fara pamọ́ sẹ́yìn òdòdó bí olè, èmi tí mo sanwó ilé-ìwé onílé.

Olúṣẹ̀yẹ wà lórí àga ńlá kan, ó wọ aṣọ ìwẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń ti búrẹ́dì bọ tíì. Ọláídé ìyàwó rẹ̀ ń yarun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ na ọwọ́, ó gbé tẹlifóònù, ó fi èjìká há a mọ́ etí. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Màámi. Bàbá ńkọ́? Wọ́n ń wẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o.” Bó ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí tábìlì. Ó gbé e kalẹ̀. Ọláídé ní, “Ọ̀gbẹ́ni onídọ̀bálẹ̀, ẹ rọra o, kí tíì má dà sí yín láyà.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá wí àwíjàre fún un pé bóyá àárẹ̀ ló mú un.

Ibẹ̀ ni Wùnmí ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ọmọ Olúṣẹ̀yẹ kan ṣoṣo, tó fojú jọ ìyá mi bí ẹni pé òun ló padà wá. Ó rí mi. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e bó bá sáré wá kúnlẹ̀. Kò sáré. Ó dúró gbọnrangandan bí òpó iná, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí etí, ó ní, “Mo kúnlẹ̀ o, Bàbá àgbà.” Lẹ́yìn náà ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ ti jáde nínú tẹlifóònù ni?”

Èmi Akíndúró tí wọ́n ń pè ní ẹnu-kì-í-kùnà, mo ki ọwọ́ bọ àpò. Mo fi bísíkíìtì tí mo mú dání lé e lọ́wọ́, mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, a sì yí padà.

Mùstàfá kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ń retí èébú rẹ̀, mo ti to ìdáhùn mi sílẹ̀ sẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn ń wo ilẹ̀ ni. A dé Mọ́kọ́lá, wọ́n ti pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan ní, “Mùstàfá, ó dọ̀bálẹ̀ àbí kò dọ̀bálẹ̀?” Mùstàfá bẹ̀rẹ̀, ó mú sípánà rẹ̀ nílẹ̀, ó kọjú sí kẹ̀kẹ́ kan. Ó ní, “Ó dọ̀bálẹ̀. Ojú mi rèé tó rí i. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀yin náà ẹ lọ bí irú ẹ̀.” Wọ́n hó yèè, wọ́n ní, “Bàbá ọlọ́mọ!” Mo sì na ọwọ́ sí wọn. Kí ni ǹ bá ṣe?

Wọ́n ti bú mi rí láyé. Wọ́n ti fi mí pe ẹran ìgalà ní rélùwéè, ojú rẹ ni. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó irọ́ tí Mùstàfá pa nítorí mi. Títí di òní kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn gan-an ló burú. Bí mo bá ń sọ ti àwọn ọmọ mi láàárín èrò, mo ní láti kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Bó bá tẹjú mọ́ sípánà, mo mọ̀ pé kí n dákẹ́.

N kò sọ fún Olúṣẹ̀yẹ pé mo wá. Ohun tí mo ṣe rèé. Ó ṣì ń pè láràárọ̀, ó ṣì ń ní, “Mo dọ̀bálẹ̀ o.” Èmi kò ní kó dìde mọ́. Mo ń dá a lóhùn nípa òjò, mo ń dá a lóhùn nípa ọjà, mo sì ń gbé e kalẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wà títí bàbá yóò fi ní kó dìde. Nítorí náà, lójú tèmi, ilẹ̀ ni ọmọ mi wà. Ilẹ̀ ló ti ń jẹun, ilẹ̀ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ tó bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni n ó fi ọwọ́ ara mi gbé e.

Fi ilé tìrẹ sílẹ̀ láìní wáyà, ọ̀rẹ́ mi. Bí Olúrótìmí bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fara mọ́ ọn, kí o sì máa wo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ bó bá ń lọ.

Kí Ọlọ́run wo orúnkún rẹ sàn. Kí ó má fi ọmọ dán wa wò kọjá agbára wa. Kí àwọn ọmọ wa fi ẹsẹ̀ ara wọn wá wa wá, kó tó di pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ náà tẹ̀lé pósí wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà òṣùká,
Jóṣúà Akíndúró,
Oníṣòwò páànù ní Dùgbẹ̀, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì Mọ́kọ́lá.

Mo tún rántí: Bí mo ṣe ń ká ìwé yìí ni tẹlifóònù dún, Àbẹ̀ḿbí sì gbé e. Ó ní Olúṣẹ̀yẹ ń béèrè ohun tí òun ṣe, tí Bàbá kì í fi í ní kí òun dìde mọ́. Mo ní kó sọ fún un pé ọwọ́ tí a fi ń gbé ọmọ dìde kì í gba inú wáyà kọjá. Ó sọ ọ́. Ó ní Olúṣẹ̀yẹ kàn gbé e kalẹ̀ ni. Mo ti wọ agbádá mi, mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́tò ń kọjá.