Ìwé Ọmọ Ìbílẹ̀ Tí Mo Ń Tọrọ Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kabusa níbí, nítòsí olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, níbi tí ooru ti mú débi pé ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sí gan-an ń gbóná. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ àti ìyàwó wọn. Kúnlé ọkọ mi, àna yín, dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ pé gbalaja ni òun dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ orí fóònù.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti di ìyàwó, ayọ̀ mi ò tíì rọlẹ̀. Mo ń jí, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ń fọṣọ, mo ń kọrin. Obìnrin Hausa tó ni ilé wa kì í pe orúkọ mi, “amarya” ló ń pè mí, ìyẹn ìyàwó tuntun. Bó bá ti rí mi nídìí ẹ̀rọ omi, á ní kai, amarya, ṣé orin yìí ò ní tán ni? Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, ilé á dá wáí. Kò sí ẹni tí mo lè fi èdè wa bú ní gbogbo àdúgbò yìí, Màámi, ẹnu ń yún mi.

Mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní oríta. Fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n kéde pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba akọ̀wé, àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí girama bíi tiwa, pé ìdánwò ni wọ́n á sì fi yàn wọ́n, èrò kún ẹnu ọ̀nà wa títí dé títì. Èmi ni mo bá ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ fọ́ọ̀mù, n kò ṣi ohunkóhun kọ. Mo kọ ti ọkọ mi, mo wá kọ tèmi tẹ̀lé e. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ ẹni, wọ́n gbà kí obìnrin tó ti relé ọkọ mú ti bàbá rẹ̀ tàbí ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí mi, ayọ̀ ló ṣe mí. Mo mú Kwara, ti ọkọ mi. Orúkọ tuntun, ìpínlẹ̀ tuntun! Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi han ọkọ mi, àwa méjèèjì ń fò sókè nínú yàrá kan ṣoṣo.

Àǹtí kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé lọ́dọ̀ wa, ló là mí lójú. Ó rí fọ́ọ̀mù méjèèjì lórí tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pín àyè fún, àyè ọ̀hún ò sì tó nǹkan. Àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà ni yóò máa bá ara wọn du ú. Ó wá bi mí pé ṣé ọkọ ni mo fẹ́ ni àbí orogún. Ẹ̀rín pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo yí fọ́ọ̀mù méjèèjì dojú dé.

Láti ìgbà náà n ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì jọ ń kà láàárọ̀. Bí mo bá mọ ìdáhùn tí ọkọ mi kò mọ̀, inú mi á dùn, á sì tún bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kan náà. Lánàá mo gbé ẹ̀wà kaná, mo ń ka olú ìlú ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì lórí, mo dé Jalingo ni mo gbọ́ òórùn. Ẹ̀wà ti jóná.

Ọkọ mi kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní bí wọ́n bá mú mi, òun á máa gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́fíìsì, òun á sì máa pè mí ní madam. Lọ́jọ́ kejì ló wá sọ pé òun fẹ́ yọ orúkọ òun kúrò, pé abẹ́rẹ́ tó òun jẹ. Mo ní bó bá dán an wò, n ò ní bá a sọ̀rọ̀ títí a ó fi darúgbó. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de irú àǹfààní yìí, ọjọ́ orí rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó tún lè gbìyànjú lẹ́yìn èyí.

Ọ̀nà kan ló kù. Títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àyè ṣì wà láti ṣàtúnṣe fọ́ọ̀mù. Bí mo bá yí fọ́ọ̀mù tèmi padà sí Èkìtì, kálukú wa á ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa ni mo nílò, bàbá ẹni ló sì gbọ́dọ̀ lọ dúró níbẹ̀, kó jẹ́rìí pé ọmọ òun ni.

Bàámi, mo pè yín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ò pariwo. Ẹ kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ọmọ Ọ̀fà náà tún ní bàbá ní Ìkọ̀lé ni, ẹ sì gbé fóònù fún Màámi. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ. Lọ́jọ́ ìdáná, lẹ́yìn tí ẹ gbé mi sórí itan tí ẹ ṣàdúrà fún mi tán, mo gba máìkì, mo ní kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ ní Ìkọ̀lé, pé Ọ̀fà ló ni mí, mo ti lọ pátápátá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò wo ojú yín. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Gbangba ni mo ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sójú ewé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́ lè rí i pé mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, n kò sì kábàámọ̀ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bí mi. Bí ẹ bá lè bá mi lọ gba ìwé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Bí ọkàn yín kò bá tíì gbà á, n ò ní ránni sí yín. N ó yọ fọ́ọ̀mù tèmi, kí ọkọ mi lè ṣe ìdánwò rẹ̀ láìsí èmi lọ́nà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ju ìwé lọ ni pé bí mo bá tún pè, kí ẹ má gbé fóònù fún Màámi. Ẹ fi oríkì mi pè mí.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ò ní rin ìrìn òfo. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo ará agbolé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ bí ní Ìkọ̀lé,
Àṣàkẹ́.