Màmá Eudosia Rentería, Akọrin-sílẹ̀ fún Àwọn Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

Ìlú Tumaco, létí òkun Kòlóńbíà, ni a bí Màmá Eudosia Rentería sí ní ọdún 1938. Bàbá wọn, Olóògbé Belisario, a máa gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn, Olóògbé Clementina, ni aṣáájú àwọn obìnrin tó ń kọrin níbi àìsùn òkú.

Wọ́n kàwé lọ́dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì títí di ọdún 1954. Ní ọdún 1959, nígbà tí ìgbéyàwó wọn ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sọ fún bàbá wọn pé ìwé làwọn fẹ́ máa kọ, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí ìlú Cali. Bàbá bínú, ó pẹ́ kó tó bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi ń jẹun ní Cali, ìwé ìtàn mẹ́rin ni wọ́n sì kọ jáde. Wọn kò lọ́kọ. Noralba ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, ní ọdún 1966.

Ní ọdún 1991, Noralba kú lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bí yè. Obìnrin kan ní Tumaco, Hermelinda, sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí í bá obìnrin tó kọ ilé ọkọ nìyẹn. Màmá gbé ọmọ ọwọ́ náà wá sí Tumaco. Wọn kò kọ nǹkan kan mọ́.

Lọ́dún kejì, ọmọ Ofelia, aládùúgbò wọn, kú sómi. Clementina, ìyá Màmá, tó ṣì wà láyé nígbà náà, wá bá wọn.

"Orin òkú àgbàlagbà nìkan ni mo mọ̀. Kọ ti ọmọ yìí fún mi."

"Ìyá mi, mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́."

"Ṣé mo ní kó dùn ni? Sáà fi orúkọ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́. Nígbà táwọn obìnrin gbé orin náà, Màmá sunkún Noralba láàárín wọn, wọ́n sì dì wọ́n mú. Láti ìgbà náà, kò sí ilé ọ̀fọ̀ tó ránṣẹ́ sí wọn tí wọn kò kọ orin sílẹ̀ fún. Nígbà tí ọmọ Hermelinda kú, òun náà wá, kò lè gbójú sókè. Ohun tí Màmá bi í kò ju ẹyọ kan lọ: "Kí ni ọmọ rẹ fẹ́ràn láti máa jẹ?"

Màmá Eudosia sùn nínú Olúwa ní ọdún 2023, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Àbúrò wọn, Fidelina, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn, Yurleny, àti àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí Yurleny kò mọ ìyá tó bí i, síbẹ̀ kò wá ìyá tì rí.

Kí ilẹ̀ Tumaco rọra gbà yín mọ́ra, Màmá. Ẹ sùn re o.